Ṣé kí Texans san mílíọ̀nù 55 dọ́là lọ́dún fún C.J. Stroud? (Ọ̀rọ̀ tó wáyé kí sáà 2025 tó bẹ̀rẹ̀)

Bàbá Tòmíwá, Alief, Houston:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ìbéèrè mi kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kó ẹjọ́ mi kalẹ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn sáà 2025 tó ń bọ̀ yìí, C.J. Stroud, quarterback wa (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó sì ń darí eré), yóò ti lo ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Texans, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Houston níbí. Òfin NFL, líìgì bọ́ọ̀lù yìí, yóò sì gbà wọ́n láyè láti bá a jókòó lórí àdéhùn tuntun. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ti ọdún mẹ́rin, mílíọ̀nù 36 dọ́là àti díẹ̀ ni. Gbogbo ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ ni mo ń sọ o. Ẹ wá wo ohun tí àwọn quarterback bíi tirẹ̀ ń gbà lọ́dún kan ṣoṣo: Dak Prescott ń gba mílíọ̀nù 60. Josh Allen, Joe Burrow, Jordan Love àti Trevor Lawrence, 55 ni tiwọn. Brock Purdy, ẹni tí wọ́n mú kẹ́yìn pátápátá nínú draft 2022 (ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ìpele-ìpele, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ipò tirẹ̀), fọwọ́ sí 53 ní oṣù karùn-ún 2025. Kò sí bí aṣojú Stroud yóò ṣe jókòó tí kò ní bẹ̀rẹ̀ láti 55.

Gbèdéke owó tí NFL fi lélẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní 2025, èyí tí gbogbo wa ń pè ní cap, jẹ́ mílíọ̀nù 279.2. Ènìyàn 53 ló máa jẹ nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá bu 55, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ẹni 52 tó kù ńkọ́?

Mo fẹ́ràn ọmọ yìí. Ní oṣù kọkànlá 2023 tí Tampa Bay wá bá wa ní NRG, pápá wa, ó ju bọ́ọ̀lù 470 yáàdì, touchdown (bọ́ọ̀lù tó wọ òpin pápá ọ̀tá) márùn-ún. Kò sí quarterback ọdún àkọ́kọ́ tó ṣe irú rẹ̀ rí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹlòmíràn tó gbà wá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ka'imi Fairbairn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó fara pa, kò sí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ni Dare Ogunbowale, ọmọ wa, running back (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré) tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń lò ó, bá bọ́ síwájú, ó sì gbá a wọlé láti 29 yáàdì. 39 sí 37 la fi na wọ́n. Ẹ yọ àmì mẹ́ta Dare kúrò kí ẹ wò ó. Irú àwọn tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ ìwé báyìí ni ẹgbẹ́ kọ́kọ́ máa ń yọ owó wọn nígbà tí quarterback bá ti gba tirẹ̀.

Àwa tí a ti ń bá Texans bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè gbàgbé Brock Osweiler. Quarterback ni òun náà. Oṣù kẹta 2016, wọ́n fún un ní mílíọ̀nù 72 fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì fi ọwọ́ sọ̀yà lórí 37 nínú rẹ̀. Sáà kan péré ló lò: touchdown 15, bọ́ọ̀lù 16 tó jù sọ́wọ́ àwọn tí a ń bá gbá. Nígbà tó di ọdún kejì, kí Cleveland tó gbà láti gbé e kúrò lọ́wọ́ wa, a ní láti fi ipò wa ní ìpele kejì draft 2018 kún un. Ipò yẹn ni Cleveland fi mú Nick Chubb, running back pàtàkì. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ohun tó wá ń kó mi láyà sókè jù nìyí. Ní sáà 2024, ìgbà 52 ni wọ́n gbé Stroud lulẹ̀ kó tó lè ju bọ́ọ̀lù, kí ìdíje ìkẹyìn (playoffs) tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a lọ bá Kansas City ní oṣù kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n gbé e lulẹ̀, a sì pàdánù pẹ̀lú 23 sí 14. Touchdown rẹ̀ já wálẹ̀ láti 23 sí 20, èyí tó ń jù sọ́wọ́ ọ̀tá gòkè láti 5 sí 12. Ta ló jẹ̀bi? Òun ni, àbí àwọn tó yẹ kó dúró níwájú rẹ̀? Bí a kò bá sì mọ̀, kí la fẹ́ san owó lé lórí?

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé kí wọ́n san án, ìgbà wo, èló?

Ṣadé, Peckham:

Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Èmi ò pẹ́ nínú bọ́ọ̀lù yìí, nígbà tí wọ́n bá wá gbá a ní pápá Tottenham ni mo máa ń lọ wò ó. Ìbéèrè kékeré ni tèmi. Níbí, nígbà tí àwọn olówó ra Chelsea àti Man City, wọ́n kó owó ara wọn dà sí i, wọ́n sì ra ẹni tó wù wọ́n. Kí ló dé tí ẹni tó ni Texans ò lè san 55 fún Stroud, kó sì tún ra àwọn tí yóò dáàbò bò ó?

Bàbá Tòmíwá, Alief, Houston:

Ṣadé, o ṣeun àbúrò mi, ìbéèrè rẹ kì í ṣe kékeré rárá.

NFL kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 1994 ni cap ti wà. Owó tẹlifíṣọ̀n gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ 32 ló ń pín in dọ́gbadọ́gba: Green Bay tó wà ní ìlú kékeré ń gba iye kan náà pẹ̀lú àwọn ti New York. Lára owó tó ń wọlé yìí ni wọ́n ti ń ṣírò cap, iye kan náà sì ni fún gbogbo ẹgbẹ́. Bí o lówó bí òkun, o kò lè kọjá rẹ̀. O kò sì lè fi owó ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn bíi ti ọ̀dọ̀ yín. O lè fi agbábọ́ọ̀lù pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù, tàbí kí o fi ipò rẹ nínú draft san án. Ẹgbẹ́ tó bá sì gbẹ́yìn lọ́dún yìí ló máa ń kọ́kọ́ mú ẹni tó wù ú nínú draft tó ń bọ̀. Bí a ṣe rí Stroud nìyẹn, nípò kejì, torí pé a burú gan-an ní 2022.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo. Dọ́là kọ̀ọ̀kan tó bá lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, ara ẹlòmíràn ni wọ́n ti yọ ọ́.

Káyọ̀dé, Philadelphia:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìṣirò yín yẹn, ti ìdá kan nínú márùn-ún, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn.

Ẹ wo Jalen Hurts, quarterback Eagles tiwa níbí. Oṣù kẹrin 2023 ló fọwọ́ sí mílíọ̀nù 255 fún ọdún márùn-ún. Ó ṣe 51 lọ́dún, àbí? Ṣùgbọ́n ní sáà 2024 tí a gba Super Bowl, ife àṣekágbá NFL, ohun tí wọ́n kọ sí orúkọ rẹ̀ lórí cap kò tó mílíọ̀nù 14. Báwo? Howie Roseman, ọ̀gá tó ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ fún wa, sọ owó oṣù rẹ̀ di owó ìfọwọ́síwèé. Owó ìfọwọ́síwèé, ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù ló ti ń bọ́ sí lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n NFL gbà kí ẹgbẹ́ pín in sórí ọdún márùn-ún nínú ìwé. Wọ́n tún lè fi àwọn ọdún tí kò ní gbá bọ́ọ̀lù kankan kún àdéhùn náà, kí ó lè rí ibi pín in sí. Bí ẹni tó kọ́kọ́ kó àjọ ni: ẹ ti fi owó ṣe nǹkan tán, ẹ wá ń dá a díẹ̀díẹ̀.

Àyè tó ṣẹ́ kù ni a fi rí Saquon Barkley, running back, gbà ní oṣù kẹta 2024, mílíọ̀nù 37.75 fún ọdún mẹ́ta. Ẹ mọ ohun tó ṣe: ó gbé bọ́ọ̀lù sáré 2,005 yáàdì ní sáà kan. Àwọn tó kù, inú draft ni Howie ti ṣa púpọ̀ nínú wọn: Jalen Carter, Quinyon Mitchell, Cooper DeJean, àti Moro Ojomo, ọmọ Nàìjíríà tiwa, tí wọ́n mú ní ìpele keje. 40 sí 22 la na Kansas City nínú Super Bowl. Ẹ san owó ọmọ náà kíákíá, kí iye náà tó tún ga sí i. Lawrence gba 55 ní oṣù kẹfà 2024, kí oṣù mẹ́ta tó pé Dak ti gba 60.

Ìyá Ìbejì, Kansas City:

Bàbá Tòmíwá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Káyọ̀dé, mo gbọ́ 40 sí 22 rẹ, Ọlọ́run á jẹ́ ká tún pàdé.

Tèmi ni pé, bí ẹ bá ti rí quarterback tó dájú, ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì ní ìgboyà láti jẹ́ kí àwọn mìíràn lọ. Mahomes, quarterback wa, fọwọ́ sí ọdún mẹ́wàá ní 2020, mílíọ̀nù 450. Nígbà yẹn ariwo ta pé owó ti pọ̀ jù. Lónìí, 45 tí ó ń jẹ́ lọ́dún ti kéré sí ti Lawrence tí kò tíì gba Super Bowl kankan. Ní oṣù kẹta 2022, Tyreek Hill, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù Mahomes mú, fẹ́ owó, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Miami, wọ́n sì gba ipò márùn-ún nínú draft. Mo sunkún o. Ṣùgbọ́n lára ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n fi gòkè nínú draft lọ mú Trent McDuffie, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dènà ọ̀tá, Super Bowl méjì sì tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó bá ń gbìyànjú àtitọ́jú gbogbo ènìyàn ni owó ń pa, kì í ṣe ẹni tó san owó quarterback.

Alàgbà Fẹ́mi, Arlington, Texas:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Cowboys, ẹgbẹ́ Dak tiwa níbí, ní ṣókí, torí ó ń ká mi lára. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí sáà 2024 wa bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún Dak ní 240 fún ọdún mẹ́rin, 231 nínú rẹ̀ dájú. Oṣù kọkànlá, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ já, sáà rẹ̀ parí. A borí nínú 7, a pàdánù nínú 10. CeeDee Lamb, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù Dak mú, ti gba 136 tirẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Micah Parsons, ẹni tó dára jù lọ nínú ẹgbẹ́ wa lójú tèmi, ń dúró de owó tirẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. A kò tíì dé ìpele tó ṣáájú Super Bowl láti sáà 1995. Bàbá Tòmíwá, ohun tó ba tiwa jẹ́ ni pé wọn a máa fi ìsanwó falẹ̀ títí yóò fi wọ́n, lẹ́yìn náà ni wọn á wá san án. Bí ẹ bá fẹ́ san, ẹ tètè san. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Tòmíwá, Alief, Houston:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì tún padà sí ìwé tí mo ń kọ àwọn àdéhùn wọ̀nyí sí. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, n kì í fẹ́ràn kí nǹkan fò mí lójú.

Káyọ̀dé, àpèjúwe àjọ rẹ yẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ kó àjọ gbọ́dọ̀ dá a tán, kódà bí ohun tó fi rà bá ti bàjẹ́. Bi àwọn ará Denver. Wọ́n kó agbábọ́ọ̀lù àti ipò draft lọ gba Russell Wilson, quarterback, ní 2022, wọ́n fi mílíọ̀nù 245 kún un kó tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan fún wọn. Oṣù kẹta 2024 wọ́n lé e lọ, mílíọ̀nù 85 sì wọ inú cap wọn, wọ́n pín in sórí ọdún méjì, fún ẹni tó ti wà ní Pittsburgh. Ọgbọ́n Howie ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹni tí o san owó fún bá jẹ́ ẹni tó tọ́. Bí kì í bá ṣe ẹni tó tọ́, ọgbọ́n yẹn gan-an ló ń sọ gbèsè di ńlá.

O kò sì sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù nípa ilé rẹ. Lane Johnson, Jordan Mailata, Landon Dickerson: àwọn wọ̀nyí tó ń dúró níwájú Hurts láti dáàbò bò ó ti wà níbẹ̀ kí Hurts tó gba owó. Ògiri ti dúró kí o tó gbé olówó sẹ́yìn rẹ̀. Lálẹ́ Super Bowl yẹn, ẹ gbé Mahomes lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Quarterback tó dára jù láyé ni, kò rí ibi dúró sí.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ilé yín náà ló jẹ́rìí fún mi. Ní oṣù kejì 2021, lẹ́yìn tí Mahomes ti fọwọ́ sí 450 tán, Tampa Bay na yín 31 sí 9. Ara àwọn tó ń dáàbò bò ó kò yá, gbogbo alẹ́ ló fi ń sá kiri. Kí ni wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Wọ́n san 80 fún Joe Thuney, wọ́n mú Creed Humphrey àti Trey Smith nínú draft ọdún kan náà, kí wọ́n lè dáàbò bò ó. Ìgbà yẹn ni ife méjì tó tẹ̀lé ara wọn tó ṣeé ṣe. Tyreek Hill lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri kò lọ.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Joe Flacco, quarterback, gba Super Bowl fún Baltimore ní oṣù kejì 2013. Oṣù kẹta, wọ́n fún un ní 120.6 fún ọdún mẹ́fà. Inú oṣù kẹta yẹn náà ni wọ́n fi Anquan Boldin, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ mú, ránṣẹ́ sí San Francisco fún ipò kan ṣoṣo ní ìpele kẹfà. Sáà tó tẹ̀lé e, wọ́n borí 8, wọ́n pàdánù 8, wọn kò rí ìdíje ìkẹyìn wọ̀. Kí Mahomes tó dé, nínú gbogbo quarterback tó gba Super Bowl láti ìgbà tí cap ti wà, Steve Young ló gba ìpín tó tóbi jù nínú cap, ní sáà 1994 gan-an, bíi 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Mahomes ló kọjá rẹ̀ ní sáà 2022, ó dé bíi 17. Mahomes nìyẹn o. Ṣé a ti lè sọ pé Stroud dé ibẹ̀?

Ohun tí mo rò rèé. Owó quarterback kò burú. Kí owó rẹ̀ gba iwájú àwọn tó ń dáàbò bò ó ló burú. Lára àwọn tó ń dáàbò bo Stroud, Texans fi Laremy Tunsil ránṣẹ́ sí Washington ní oṣù kẹta 2025, wọ́n fi Kenyon Green ránṣẹ́ sí Philadelphia, wọ́n gba Cam Robinson fún ọdún kan, wọ́n sì mú Aireontae Ersery ní ìpele kejì. Ó lè dára, ó lè máa dára. A kò tíì rí wọn pọ̀. Nínú oṣù kẹta yẹn kan náà, àwọn tó ń dènà ọ̀tá fún wa gba owó: Derek Stingley gba 90 fún ọdún mẹ́ta, Danielle Hunter sì gba 35.6 kún tirẹ̀ fún ọdún kan. Will Anderson, ọ̀kan nínú wọn, yóò béèrè tirẹ̀ ní 2026, yóò sì pọ̀.

Kò sì sí ohun tó ń lé wa. Torí pé ìpele kìíní ni wọ́n ti mú Stroud, àyè ọdún karùn-ún wà: bí ẹgbẹ́ bá sọ̀rọ̀ kí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2026 tó kọjá, tiwa ni títí sáà 2027 yóò fi parí. Èmi yóò gba ọdún karùn-ún yẹn, n ó sì fi owó àkọ́kọ́ tó bá ṣí sílẹ̀ ra ẹni méjì tó dájú fún iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó lo sáà kan pẹ̀lú wọn, ká tó sọ̀rọ̀ 55. Mi ò sọ pé kí a má san án; kí a má fi ìbẹ̀rù san án ni mo ń sọ. Àwọn ará Cleveland ló kọ́ wa: wọ́n fún Deshaun Watson, quarterback wa tẹ́lẹ̀, ní 230 tí gbogbo rẹ̀ dájú, wọ́n sì fún wa ní ipò mẹ́ta ní ìpele kìíní lé e lórí. Ọ̀kan nínú ipò wọ̀nyẹn wà lára ohun tí a fi gòkè lọ mú Will Anderson. Ẹ̀rù pé wọn kò ní rí quarterback ló mú wọn ṣe é.

Alàgbà Fẹ́mi, mo gbọ́ yín, ìfàfalẹ̀ ń ná ni lówó. Ṣùgbọ́n Cowboys kò falẹ̀ torí pé wọ́n ń wá ẹ̀rí. Wọ́n ti mọ Dak láti 2016.

Káyọ̀dé, Philadelphia:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí ògiri. Ẹnikẹ́ni tó bá wo Mailata lọ́sẹ̀ kan yóò gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo cap náà: 182.5 ní 2021, 279.2 ní 2025. Bí ẹ bá dúró di 2027, 55 yẹn lè di 65. Ṣé ẹ ti ṣe ìṣirò ìyẹn mọ́ ọn?

Bàbá Tòmíwá, Alief, Houston:

Mo ti ṣe é. Bí 55 bá di 65, tí cap náà sì ń gòkè lọ bẹ́ẹ̀, ìpín rẹ̀ nínú owó ilé kò yí padà tó bí o ṣe rò. Èmi yóò kúkú san 65 fún ẹni tí mo ti rí ohun tó lè ṣe nígbà tí ó bá rí ibi dúró sí, ju kí n san 55 lórí ìrètí.

A kò sì ní pẹ́ rí nǹkan kan. Ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án, ọ̀dọ̀ Rams la ti máa bẹ̀rẹ̀ sáà, ní Los Angeles. Rams yìí ló gbé Sam Darnold lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án ní oṣù kìíní, quarterback tí òun àti Minnesota ti borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 pẹ̀lú àdéhùn mílíọ̀nù 10 péré. Jared Verse, ọ̀kan nínú àwọn tó ń lé quarterback kiri fún Rams, ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bá mi ka iye yáàdì tí Stroud jù. Ẹ bá mi ka iye ìgbà tí ó bá fi ẹ̀yìn kan ilẹ̀.